Orí Keje: Bí Àfikún Bíráúsà Bá Kọṣẹ́ Lẹ́yìn Tí A Gbé Windows Sókè

"Nẹ́tíwọ̀kì ni"

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2025, mo jókòó sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan nítòsí Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti gbọ́ pé Microsoft yóò dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró lọ́jọ́ kejì. Ló bá fi Sátidé àti Sọ́ńdè fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ó sì gbé Windows 11 sórí wọn. Ẹ̀rọ ń dán bí awo tuntun. Ó ku kí owó máa wọlé.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan wọlé láti Òjéré, ó fẹ́ tẹ ìwé ẹ̀rí ìsanwó rẹ̀ jáde. Ọmọ iṣẹ́ wọ ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Print Receipt" sí. Ojú ẹ̀rọ kò mira. Ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Nẹ́tíwọ̀kì ni." Wọ́n yọ SIM kan, wọ́n ki òmíràn bọ̀ ọ́. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un tàn. Wọ́n yọ bíráúsà kúrò pátápátá, wọ́n fi dátà gidi gbà á wálẹ̀ padà. Wákàtí kan àbọ̀ ti kọjá, ọmọ náà ti mu omi inú ọ̀rá méjì.

Nígbà tó yá, mo sún mọ́ wọn, mo sì wo ìparí ibi tí à ń kọ àdírẹ́sì ìkànnì sí. Àmì kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Bíráúsà ní òun ti dí fèrèsé tuntun kan tó fẹ́ ṣí. Mo yan pé kí ó máa jẹ́ kí ìkànnì yẹn ṣí fèrèsé, mo tún tẹ "Print Receipt", ìwé sì ń bọ̀ lẹ́nu pirínítà.

Ọmọ náà béèrè pé, "Bọ̀dá, ṣé nẹ́tíwọ̀kì ti dé ni?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Nítorí àwọn tí irú ọjọ́ Ajé yẹn ń dúró dè ni a ṣe kọ orí yìí: ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀, ní Láfẹ́nwá, lẹ́nu géètì Alábàtà tàbí ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ní láàpútọ́ọ̀pù kan nílé.

Aró kan náà, aṣọ ọ̀tọ̀

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn aláró ní Ìtòkú. Wọn á sọ fún yín pé aṣọ òwú ló ń gba aró ẹlú. Bí ẹ bá gbé aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá hun wá, ẹ lè rì í sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, àwọ̀ á ti bá omi lọ. Aró kò bàjẹ́, ọwọ́ aláró kò sì kọṣẹ́. Aṣọ ló yí padà.

Báyìí gan-an ni àfikún bíráúsà rí. Nínú ìwé yìí, àfikún ni à ń pe gbogbo ohun kékeré tí a so mọ́ bíráúsà kí ó lè ṣe ohun tí kò lè dá ṣe: èyí tí àwọn àgbà iṣẹ́ ń pè ní plugin, àti èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní extension. Aró ni àfikún. Windows àti bíráúsà ni aṣọ tí a rẹ ẹ́ sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ aṣọ, àfikún tó ti bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún lè má dì mọ́ ọn mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó máa wá ohun tó bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó yí padà. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù nínú orí yìí, ẹ má gbàgbé èyí.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ará wa ń gbà sọ Windows di tuntun, àyípadà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá kò sì dọ́gba. Bí ẹ bá gbé Windows 11 gorí Windows 10 láì nu ohunkóhun, bíráúsà yín àti àfikún inú rẹ̀ sábà máa ń wà níbi tí ẹ fi wọ́n sí. Dráífà ẹ̀rọ ló máa ń fa wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ́ọ̀mátì, gbogbo àṣẹ tí ẹ ti fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan ti lọ, gbogbo ohun èlò tó ń ran àfikún lọ́wọ́ ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù Pánṣẹ́kẹ́ fọ́ọ̀mátì. Ìdí nìyẹn tí bíráúsà wọn kò fi rántí pé ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ní àṣẹ láti ṣí fèrèsé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni èyí, ó sì ń gba odidi ọjọ́ kan là.

1. Ẹ ṣí ojú ewé àfikún. Nínú Chrome, ẹ kọ *chrome://extensions* sí ibi àdírẹ́sì. Nínú Edge, *edge://extensions*. Nínú Firefox, *about:addons*. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Orúkọ tí ẹ kò kọ sílẹ̀, ẹ kò ní rántí rẹ̀ lọ́la.

2. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹ̀rọ tí okùn rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà sílẹ̀: pirínítà, ẹ̀rọ ayàwòrán ìwé, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Ẹ wá dráífà wọn tó bá Windows 11 mu, kí ẹ sì kó o sínú fíláàṣì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ kó àwọn àdírẹ́sì tí ẹ ti fi pamọ́ jáde sínú fáìlì. Ẹ lè kó ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé jáde pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé gbangba ni wọ́n máa ń wà nínú fáìlì yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i yóò kà á. Ẹ má fi sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ pa á rẹ́.

4. Ẹ má rò pé bí ẹ bá ti kó fódà Chrome láti inú *AppData* sínú fíláàṣì, ó ti parí. Windows àtijọ́ ló ti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé inú rẹ̀ pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì ní bá yín dé orí Windows tuntun.

5. Ẹ̀rọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sókè. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó kan èkejì. Bí ẹ kò bá fọ́ọ̀mátì, Windows máa ń fún yín ní ọjọ́ 10 láti padà sẹ́yìn: "Settings", lẹ́yìn náà "System", lẹ́yìn náà "Recovery", kí ẹ sì tẹ "Go back". Lẹ́yìn ọjọ́ 10, ó máa ń pa fódà *Windows.old* tó fi ṣe ẹ̀yìn rẹ́.

6. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbi tí iná kò ti dájú. Kọ̀ǹpútà tí iná bá lọ mọ́ lórí láàárín ìgbéga lè má tàn mọ́. Kí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù kún, tàbí kí ẹ̀rọ agbániná wà nílẹ̀ kí ẹ tó tẹ "Install".

Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú márùn-ún

Ẹ ti gbé e sókè, nǹkan kan kò ṣiṣẹ́, oníbàárà sì dúró lẹ́yìn yín. Ẹ má yọ ohunkóhun kúrò. Ẹ tẹ̀lé ètò yìí bó ṣe tò.

*Àkọ́kọ́, ẹ wo aago.* Igun ọ̀tún ní ìsàlẹ̀. Ṣé ọjọ́ òní ló wà níbẹ̀, ṣé ọdún yìí ni? Màá ṣàlàyé ìdí láìpẹ́.

*Ìkejì, ẹ wo ìparí ibi àdírẹ́sì.* Bí bíráúsà bá dí fèrèsé, tàbí tó dí kámẹ́rà, àmì kan á wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kà á.

*Ìkẹta, ẹ ṣí ìkànnì náà nínú bíráúsà mìíràn.* Edge ti wà lórí Windows 11 tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ ní Edge tí kò ṣiṣẹ́ ní Chrome, inú Chrome ni àlébù wà, nẹ́tíwọ̀kì sì ti bọ́ nínú ẹjọ́.

*Ìkẹrin, ẹ ṣí i láì sí àfikún kankan.* Nínú Chrome, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, kí ẹ sì yan "Guest". Nínú Firefox, ẹ lọ sí "Help", ẹ yan "Troubleshoot Mode". Bó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àfikún yín ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ pa gbogbo wọn, kí ẹ máa tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí ọ̀daràn náà.

*Ìkarùn-ún, ẹ béèrè bóyá àfikún náà nílò ohun mìíràn nínú kọ̀ǹpútà.* Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ló ń bá sọ̀rọ̀ ni? Àbí ètò kan tí ẹ máa ń fi gba fáìlì wálẹ̀?

*Ìkẹfà ni nẹ́tíwọ̀kì.* Ẹ fi fóònù ṣí ìkànnì kan náà lórí SIM kan náà. Bó bá ṣí, ẹ fi nẹ́tíwọ̀kì sílẹ̀.

Ní báyìí, ẹ á ti mọ èwo nínú mẹ́ta ni àfikún yín: ó ti kú, ó ń sùn, tàbí orí rẹ̀ wà ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò sí. Ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tó bá ń jí òkú, àṣedànù ló ń ṣe. Ẹni tó bá sì gbẹ́ sàréè fún ẹni tó ń sùn, ó ti ba nǹkan jẹ́.

Èyí tó ti kú

Nígbà kan rí, bíráúsà máa ń gba àlejò wọlé tọ̀sán-tòru. Java, Silverlight, Flash, gbogbo wọn ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn, àwọn olè sì ń bá wọn wọlé. Ìyẹn ló mú kí àwọn tó ń ṣe bíráúsà ti ilẹ̀kùn náà. Chrome ti tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Firefox ti tirẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2017, Flash nìkan ló ṣẹ́kù fún un. Adobe fúnra rẹ̀ pa ìtọ́jú Flash tì ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, láti ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2021 ló sì ti kọ̀ láti fi ohunkóhun hàn. Silverlight tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Internet Explorer 11 kúrò nípò ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2022, Windows 11 kò sì ní i rárá gẹ́gẹ́ bí ètò tí a lè ṣí.

Àwọn kan á ní, "Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mi títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá!" Òótọ́ ni. Kọ̀ǹpútà yín ti ń lo bíráúsà àtijọ́ tí kò gba ìròyìn ikú náà. Ìgbéga ló wá mú ìròyìn dé.

(Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ. Bí ẹ bá sọ fún oníbàárà pé Flash ti kú, ó lè fa fíláàṣì rẹ̀ yọ nínú àpò kó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.)

Ohun tó ṣeé ṣe nìyí:

Bó bá jẹ́ ìkànnì tó ní Internet Explorer nìkan lòun mọ̀, Edge ṣì lè fara hàn án bí i. Ẹ ṣí "Settings" nínú Edge, ẹ yan "Default browser", ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa "Internet Explorer mode", kí ẹ yan "Allow", kí ẹ sì pa Edge, kí ẹ tún un ṣí. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ tẹ "Add" níwájú "Internet Explorer mode pages", ẹ kọ àdírẹ́sì ojú ewé náà síbẹ̀, kí ẹ wá ṣí i. Edge á rántí ojú ewé yẹn fún ọjọ́ 30, lẹ́yìn náà ẹ ó tún un ṣe. Microsoft ti sọ pé ọ̀nà yìí á wà, ó kéré tán, títí di ọdún 2029.

Bó bá jẹ́ CD ẹ̀kọ́ tàbí eré àwọn ọmọdé tí wọ́n fi Flash ṣe, àfikún kan wà tó ń jẹ́ Ruffle. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń ṣe bíi Flash láì gbé ewu Flash wọlé. Àwọn olùkọ́ tí CD àtijọ́ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn lè gbìyànjú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ Java, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìkànnì bóyá wọ́n ti ní àdírẹ́sì tuntun. Ọ̀pọ̀ ti yí padà láì kéde. Bí wọn kò bá tíì yí i, ẹ fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn nìkan, kí ẹ má sì fi wo ohunkóhun mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí ẹ lọ gba "Flash Player tuntun". Kò sí èyí tuntun mọ́ fún bíráúsà yín. Ojú ewé èyíkéyìí tó bá ní kí ẹ sọ Flash di tuntun, olè ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Èyí tó ń sùn

Ìsọ̀rí yìí ló pọ̀ jù, ó sì rọrùn jù lọ.

*Ẹnì kan ló pa á.* Ẹ ṣí ojú ewé àfikún, ẹ wo bóyá bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní pípa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, bọ́tìnnì "Repair" á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́.

*Wọ́n dín àṣẹ rẹ̀ kù.* Ẹ tẹ "Details" lábẹ́ àfikún náà, kí ẹ wo ibi "Site access". Bó bá jẹ́ "On click" ló wà níbẹ̀, àfikún náà ń dúró kí ẹ fọwọ́ tẹ òun kó tó ṣiṣẹ́.

*Fèrèsé ìkọ̀kọ̀ ni ẹ wà.* Àfikún kì í ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ àfi bí ẹ bá gbà á láàyè níbẹ̀.

*Fèrèsé tuntun ni wọ́n dí.* Èyí ni ti Pánṣẹ́kẹ́. Nínú Chrome, ẹ lọ sí "Settings", "Privacy and security", "Site settings", "Pop-ups and redirects". Ẹ fi àdírẹ́sì àwọn ìkànnì tí ẹ máa ń tẹ ìwé láti inú wọn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ìkànnì ayé, ìpolówó á bò yín mọ́lẹ̀.

*PDF ń ṣí níbòmíràn.* Lẹ́yìn ìgbéga, Edge sábà máa ń gba PDF mọ́ra. Bí ẹ bá fẹ́ kó padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ẹ lọ sí "Settings" Windows, "Apps", "Default apps", ẹ kọ *.pdf* sínú àpótí, ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́.

*Òfin bíráúsà ló yí padà.* Èyí ti tàn ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń lo uBlock Origin láti dí ìpolówó kí dátà má baà tètè tán. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún 2024 ni Chrome ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn àfikún tí wọ́n fi òfin àtijọ́ kọ, uBlock Origin sì wà lára wọn. Nígbà tí ọdún 2025 fi dé ìdajì, ó ti ṣòro láti jí i padà. Ẹni tó gbé Windows sókè lásìkò yẹn á rò pé Windows ló pa á. Ọ̀nà méjì ló wà: ẹ lo uBlock Origin Lite, tí ẹni kan náà ṣe, tàbí kí ẹ lo Firefox, tí àfikún ti àtẹ̀yìnwá ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Orí wà, ara kò sí

Àwọn àfikún kan wà tí ẹ̀ka kékeré nìkan ni wọ́n nínú bíráúsà. Igi gan-an wà nínú Windows. IDM ni ẹ ó fi tètè mọ̀ ọ́n, nítorí kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti í fi gba fíìmù wálẹ̀. Àfikún inú Chrome kàn ń rán ìṣẹ́ ni. Ètò IDM tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fọ́ọ̀mátì, tí ẹ sì wọ Chrome pẹ̀lú àdírẹ́sì Gmail yín, Google á kó àwọn àfikún yín padà wá. Ẹ ó rí àmì IDM lókè bó ti wà tẹ́lẹ̀, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ fíìmù, kò ní gbà á. Ìránṣẹ́ dé, ọ̀gá rẹ̀ kò sí nílé. Ẹ gbé ètò náà sórí kọ̀ǹpútà padà láti ìkànnì àwọn tó ṣe é, kí ẹ sì gba àfikún láti ibi tí ètò náà fúnra rẹ̀ bá júwe. Ẹ má wá a kiri nínú ilé ìtajà Chrome. Àwọn ayédèrú tó gbé orúkọ jọ tirẹ̀ wọ̀ wà níbẹ̀. Ní ti èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọkùnrin ń pín fúnra wọn nínú fíláàṣì, ẹ rò ó dáadáa: ṣé orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn fi ń wọ báńkì wọn lẹ fẹ́ gbé ohun tí olè kan ti tú palẹ̀ tó sì tún dì?

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé mẹ́ta ni wọ́n tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀: ojú ewé inú bíráúsà, ètò kékeré kan nínú Windows tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín, àti dráífà ẹ̀rọ náà. Bí iná ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kò bá tàn rárá, dráífà ni kí ẹ wá lọ. Windows 11 ní ààbò kan tó ń jẹ́ "Memory integrity" tó máa ń kọ dráífà àtijọ́. Ẹ ó rí i nínú "Windows Security", "Device security", "Core isolation details", ó sì lè to orúkọ àwọn dráífà tó kọ̀ síbẹ̀. Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pa ààbò náà. Ẹ má gbà. Dráífà tuntun ni kí ẹ wá. Bí iná bá tàn ṣùgbọ́n tí bíráúsà ní òun kò rí ẹ̀rọ, ètò àárín ló sọnù. Ẹ tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ aago

Mo ní màá ṣàlàyé. Àfikún àti ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀rí, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Aago inú kọ̀ǹpútà ni bíráúsà fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí aago bá sọ pé ọdún 2015 la wà, gbogbo ìwé ẹ̀rí ayé á dà bí ẹni pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní àlébù yìí, torí pé bátìrì kékeré tó dà bí owó ẹyọ nínú wọn ti kú. CR2032 ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti yọ wáyà iná, aago á padà sẹ́yìn. Nígbà ìgbéga, ẹ̀rọ máa ń tún ara rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí iná bá sì lọ láàárín rẹ̀, ẹ̀bi á bọ́ sórí Windows. Ẹ pààrọ̀ bátìrì náà, kí ẹ tún aago ṣe.

Ìwé ẹ̀rí lè tán nílé àwọn tó ṣe bíráúsà pẹ̀lú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìwé ẹ̀rí kan tán mọ́ Mozilla lọ́wọ́, àfikún Firefox káàkiri àgbáyé sì kú lójijì. Òmíràn tán ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2025. Firefox tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 128 ni ó kàn, àfi àwọn tó ń lo ẹ̀yà 115 tí wọ́n sọ di 115.13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ yín ṣì wà lórí Windows 7, ẹ̀yà 115 yẹn ni tiyín. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ lónìí.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè gòkè

Windows 11 ń béèrè fún TPM 2.0, àti púrósẹ́sọ̀ Intel ìran kẹjọ tàbí èyí tó tẹ̀lé e, tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lórí tábìlì wa kò dé ibẹ̀. Ọgbọ́n wà tí wọ́n ń dá láti fi tipátipá gbé e wọlé, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí ìtọ́jú fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan ìtọ́jú Windows 10, èyí tó máa parí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, tàbí kí ẹ gbé Linux sórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ Ubuntu lẹ mú, ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2022 ni Firefox rẹ̀ ti ń gbé inú àpótí tí wọ́n ń pè ní snap. Ìṣòro "orí wà, ara kò sí" lè yọjú níbẹ̀ pẹ̀lú, torí àpótí náà lè má jẹ́ kí àfikún rí ètò tó wà níta.

Àmì ohùn

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó máa ń kọ sílẹ̀ kó tó fọ́ọ̀mátì: ohun tó ń jẹ́ kí a lè tẹ Yorùbá dáadáa. Lẹ́yìn ìgbéga, oníbàárà gbé orin ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá, ọmọ iṣẹ́ sì tẹ̀ ẹ́ láì ní àmì kan, torí pé bọ́ọ̀dù Yorùbá ti bá Windows àtijọ́ lọ. Ní Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní ọdún 1859. Kò yẹ kí orin ìsìnkú ti ìlú yìí máa jáde lóríhòòho. Keyman ń ṣiṣẹ́ lórí Windows 11, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní bọ́ọ̀dù Yorùbá. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbé padà.

Kí ẹ tó gba àfikún tuntun

Àfikún tó bá ní òun fẹ́ ka gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe lórí gbogbo ìkànnì, ohun tó sọ gan-an ló máa ṣe. Ó máa rí NIN oníbàárà, ó máa rí bó ṣe ń wọ báńkì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń yí àwọ̀ ojú ìwé padà kò nílò báńkì ẹnikẹ́ni. Lórí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù, àfikún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó, kí ọ̀gá nìkan sì ní àṣẹ láti fi kún un.

Ìwé tó wà lára ògiri

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Pánṣẹ́kẹ́ yẹn lẹ́yìn oṣù kan. Ọ̀gá ti fi okùn so ìwé àkọsílẹ̀ kan kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pirínítà. Ìlà mẹ́ta ló fà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ohun tó yí padà, ohun tí a ṣe. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ló wà lókè pátápátá, wọ́n sì kọ síwájú rẹ̀ pé: *A fọ́ọ̀mátì. Fèrèsé. A gbà á láàyè.*

Lẹ́yìn páálí ìwé náà ni wọ́n kọ àyẹ̀wò tí ẹ kà nínú orí yìí sí, láti aago lọ sísàlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́sí ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì wà níbẹ̀. Ipò kẹfà ló fi sí.